Ọ́ìlì Fẹ́lẹ́ Nínú Ọkọ̀ Àtijọ́

Kí Bàbá Múnírù tó dá ọkọ̀ dúró tán ni Ẹlẹ́rìí ti bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Àpótí kékeré kan ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí Ìgbìmọ̀ Ọ̀nà dè mọ́ iwájú gbogbo tírélà tó bá ń ná títì. Ohùn obìnrin ni wọ́n fi sínú rẹ̀, ohùn pẹ̀lẹ́ bíi ti nọ́ọ̀sì tó fẹ́ gún ènìyàn lábẹ́rẹ́, ó sì ń dún síta kí gbogbo ẹni tó wà ní géètì Ògèrè lè gbọ́. Ó ní ọkọ̀ ìlú Ìlápó ti jẹ epo kọjá ìwọ̀n láti Jẹ́bbà dé ibí. Ó ní ìkìlọ̀ kejì nìyí.

Bàbá Múnírù ti ń wa ọkọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń ta epo lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́, títí di ìsinsìnyí kò sì tíì mọ́ ọn lára kí àpótí máa bá òun wí lójú ayé. Jọláadé jókòó tì í, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Òun ni mẹkáníìkì Ìlápó. Bàbá Múnírù ló kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà, òun ló sì kọ́ ọ bí a ṣe ń fi etí mọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì.

Òṣìṣẹ́ géètì kan gbé ike ọ̀dà pupa wá, ó fa ìlà kan sí ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò wo ojú bàbá náà.

"Ẹ ṣọ́ra o, Bàbá," ló wí. "Bí a bá fa ẹ̀kẹta, kò ní jáde níbí mọ́."

Wọn kò bi í léèrè ohun tó ní lọ́kàn. Àwọn ọkọ̀ tó ti gba ìlà mẹ́ta tò sí ẹ̀yìn géètì, wọ́n ti da sìmẹ́ńtì sínú ẹ́ńjìnnì wọn, koríko sì ti hù láàárín táyà wọn. Orúkọ ìlú tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣì wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀. Bàbá Múnírù mọ púpọ̀ nínú àwọn tó wà wọ́n.

Ohun tí ìlà náà túmọ̀ sí nílé le ju ìtìjú lọ. Epo tí Ìgbìmọ̀ ń pín fún Ìlápó kò tó nǹkan. Ọkọ̀ ló kọ́kọ́ ń mu nínú rẹ̀, nítorí ìlú tí kò bá bá wọn kó ẹrù kò ní rí ìpín gbà rárá. Èyí tí ọkọ̀ bá ṣẹ́ kù ni ẹ̀rọ omi ń lò. Odò Ìlápó ti gbẹ kí wọ́n tó bí Jọláadé. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni omi kù sí, ẹ̀rọ nìkan ló sì lè fà á wá sókè. Nígbà tí wọ́n padà délé láti Ògèrè, àárọ̀ nìkan ni ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́, àwọn ènìyàn sì ń fi omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì fọ abọ́.

Ní ìparí òjò ni ọkọ̀ tuntun dé. Ìgbìmọ̀ ń fún àwọn ìlú ní irú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó wá kan Ìlápó. Ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Akínrìnádé ló wà á wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ó sì ní sùúrù. Àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fi ń ṣí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún gbogbo ẹ̀rọ tó ń mu epo láyé ìgbà náà. Ó ní kí Jọláadé fi ọwọ́ lé gíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárìn, ìmọ́lẹ̀ kan kọjá lábẹ́ ìka rẹ̀, ó sì sọ fún un pé láti òní lọ, ọwọ́ rẹ̀ ni ìlú fi ń ní ọkọ̀ yìí. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ Ìgbìmọ̀, ọkọ̀ á padà síbi tó ti wá.

Lẹ́yìn náà ló já àgbá ọ́ìlì búlúù kan kalẹ̀. Ó ti géèjì, irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì, bọ inú rẹ̀, ó gbé e sókè sí oòrùn. Ọ́ìlì náà ń ṣàn kúrò lára irin bí omi ṣe ń ṣàn.

Jọláadé béèrè bóyá kò fẹ́lẹ́ jù. Akínrìnádé ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n fẹ́ ẹ. Ó ṣàlàyé pé irin inú ẹ́ńjìnnì tuntun yìí sún mọ́ ara wọn tímọ́tímọ́, ọ́ìlì tó bá ki á máa fà wọ́n sẹ́yìn, epo ni ẹ́ńjìnnì á sì máa fi bá ara rẹ̀ jà. Èyí tó fẹ́lẹ́ á jẹ́ kó yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó wá wo ọkọ̀ àtijọ́ tó wà lábẹ́ igi ní ìdàkejì.

"Àmọ́ ẹ má dà á sí tọ̀hún," ó wí. "Irin rẹ̀ ti jẹ, àyè ti wà láàárín wọn. Bí ara rẹ̀ bá gbóná lórí òkè, ọ́ìlì yìí kò ní lè dúró níbẹ̀. Irin á máa họ irin. Ọ́ìlì tó ki ni kó máa lò títí tó fi máa kú."

Jọláadé ní ó yé òun. Ó yé e lóòótọ́. Ohun tó dùn ún jù lẹ́yìn ọ̀la nìyẹn, pé wọ́n sọ ọ́ fún un, ó sì yé e.

Ó kọ́ ọkọ̀ tuntun náà bí ènìyàn ṣe ń kọ́ ìwà àlejò. Ó ń wọn afẹ́fẹ́ táyà ní àràárọ̀, nítorí táyà tó bá rọ̀ a máa wọ́ ọkọ̀ sẹ́yìn. Ó fi tapólì di àlàfo tó wà láàárín orí ọkọ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀, kí atẹ́gùn má ráyè wọlé síbẹ̀. Kì í sáré, kì í sì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa pariwo lásán nígbà tí wọ́n bá ń kó ẹrù. Epo tó ń ṣẹ́ kù pọ̀ débi pé Ẹlẹ́rìí ń kí i. Ní Ìlápó, ẹ̀rọ omi bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn kan gbin tẹ̀tẹ̀ sẹ́yìn ilé ìdáná wọn. Àlíìmọ̀, ìyàwó Bàbá Múnírù, fọ gbogbo kọ́tìnì ilé rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó sá wọn síta, ó jókòó, ó ń wò wọ́n.

Ọkọ̀ àtijọ́ nìkan ló kù. Gbogbo ohun tí Jọláadé ṣe fún tuntun ló ṣe fún òun náà: táyà, tapólì, eré pẹ̀lẹ́. Epo tó ń jẹ dín kù, kò sì dín kù tó. Ó ku díẹ̀ báyìí, díẹ̀ tí ènìyàn lè fi ọwọ́ bò mọ́lẹ̀. Àwọn àgbà ìlú pè é, wọ́n ní bí wọ́n bá pa ọkọ̀ yẹn ní Ògèrè, ìdajì ẹrù tí Ìlápó ń kó ti lọ nìyẹn, ìdajì ìpín epo náà á sì bá a lọ. Wọn kò pàṣẹ fún un. Wọ́n kàn ń wò ó bí ẹni tó ní ìdáhùn lápò, ó sì wù ú kó ní in.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Bàbá Múnírù bá a lábẹ́ ọkọ̀ náà, ó ti ń já ọ́ìlì dúdú sínú bàsíà. Àgbá búlúù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà lóṣòó, ó ti ìka bọ ọ́ìlì fẹ́lẹ́ náà, ó fi àtàńpàkò ra á wò.

Ó bi í pé kí ni ẹnjiníà wí nípa rẹ̀. Jọláadé ní ó ní ó dára, ó ní ó ń dín epo kù. Kò sọ ìyókù. Ó ti ṣe ìpinnu lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìrìnàjò kan péré ni, kí ọkọ̀ ṣáà kọjá géètì, òun á dá ọ́ìlì tó ki padà síbẹ̀.

"Jọláadé, ṣé ẹ́ńjìnnì mi á gbà á?"

"Á gbà á, Bàbá."

Ọkùnrin náà nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ iṣẹ́, ó dìde, kò sì bi í mọ́.

Ọkọ̀ náà kọjá. Ní Ògèrè, Ẹlẹ́rìí ní epo wà ní ìwọ̀n, òṣìṣẹ́ géètì tó fa ìlà ọjọ́sí sì bọ Bàbá Múnírù lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n padà délé, àwọn ará ìlú ti ń retí wọn ní ẹ̀bá ọ̀nà. Jọláadé gbé ọ́ìlì tó ki jáde kó lè pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹrù mìíràn ti wà nílẹ̀ tó ń dúró. Ó tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì náà, kò gbọ́ ohun kan tó burú, ó sì gbé ọ́ìlì náà padà sí yàrá iṣẹ́. Ọkọ̀ náà tún lọ, ó tún kọjá. Bí ìpinnu ìrìnàjò kan ṣe di àṣà nìyẹn. Jọláadé kò fi ọjọ́ kankan sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò ní pààrọ̀ rẹ̀ mọ́. Ó kàn ń sún un síwájú.

Ọjọ́ tí ó bàjẹ́, oòrùn ń ta títì bí ìgbà tí wọ́n gbé e ka iná. Àgbàdo ni wọ́n kó ní Jẹ́bbà, ẹrù náà sì wúwo. Bàbá Múnírù ló ṣíwájú, Jọláadé tẹ̀ lé e nínú ọkọ̀ tuntun. Ní ìdajì òkè tó wà lẹ́yìn ìlú náà, ó ṣí wíńdò, ó gbọ́ ọ. Ẹ́ńjìnnì iwájú ti ń nọ́kù, kò, kò, kò, bí ẹni tó fi òòlù lu irin láti inú. Ó mọ ohun tó jẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó tẹ fèrè, ó tún tẹ̀ ẹ́. Èéfín funfun bo ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, ẹ́ńjìnnì sì gan pa.

Ọkọ̀ náà dúró díẹ̀, bíréèkì rẹ̀ kò lè di irú ẹrù bẹ́ẹ̀ mú lórí òkè, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí bọ̀ sẹ́yìn. Jọláadé wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Àwọn ọkọ̀ mìíràn sì ti wà lẹ́yìn òun náà, kò ríbi yà sí. Ó ń wo ẹ̀yìn tírélà náà bó ṣe ń tóbi sí i nínú gíláàsì iwájú rẹ̀. Lójijì ló rí i tí ẹ̀yìn náà yí. Bàbá Múnírù ti gé sítíárìn, ó darí gbogbo rẹ̀ sínú kòtò ẹ̀gbẹ́ títì. Ó wó lulẹ̀ pẹ̀lú ariwo, àgbàdo sì dà káàkiri títì.

Wọ́n rí ọkùnrin náà yọ láàyè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún wà lábẹ́ irin, àwọn dókítà Jẹ́bbà kò sì rí i gbà là.

Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló ti kọ́kọ́ bá Jọláadé sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ ti fà, ohùn rẹ̀ sì kéré, ṣùgbọ́n ó ti rò ó dé òpin. Ó sọ fún un pé Ìgbìmọ̀ máa béèrè ẹni tó fi àìbìkítà pa ọkọ̀, àti pé ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì ti jóná, kò sẹ́ni tó lè mọ irú èyí tó jẹ́. Ó ní òun á sọ pé òun ni kò yẹ géèjì wò kí òun tó gbéra.

Jọláadé ní kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ó ní òun á sọ òtítọ́.

"Bí o bá sọ ọ́, wọ́n á gba ọkọ̀ kejì," ni Bàbá Múnírù wí. "Ọwọ́ rẹ ni wọ́n fi ń ṣí i. Èmi ò ní wakọ̀ mọ́, ẹsẹ̀ ti lọ. Kí ni mo tún ń fi orúkọ ṣe? Ìwọ ro ti omi."

Ìgbìmọ̀ jókòó nínú gbọ̀ngàn kan létí odò ní Jẹ́bbà. Obìnrin kan tó ti dàgbà ni alága wọn, ó sì ń fi ìtẹríba bá Bàbá Múnírù sọ̀rọ̀, ó ní kí wọ́n gbé àga tìmùtìmù fún un. Ọkùnrin náà sọ ohun tó ní òun á sọ. Obìnrin náà yíjú sí Jọláadé, ó bi í pé òun tó jẹ́ mẹkáníìkì, ṣé bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn.

Jọláadé mọ̀ pé gbogbo ojú wà lára òun. Ó rántí àwọn kọ́tìnì tí Àlíìmọ̀ sá síta.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà," ó wí.

Wọ́n gbé gíláàsì kan wá. Bàbá Múnírù tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lé e, ìmọ́lẹ̀ kan kọjá lábẹ́ rẹ̀ láti apá kan dé èkejì, wọ́n sì ní àwọn ti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ẹ̀rọ tó ń mu epo tí yóò dá ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ mọ́. Ohun tí Jọláadé rò ni pé ọkọ̀ nìkan ni. Kò tíì rí ẹni tí wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ rí, kò sì ronú kan àwọn ẹ̀rọ yòókù.

Ó rí i ní Ìlápó, ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ó ń bọ̀ láti yàrá iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tó rí Bàbá Múnírù níwájú ẹ̀rọ omi, ó fi igi ti abẹ́ apá, kẹ́ẹ̀gì kan wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Ó fi ọwọ́ lé gíláàsì ẹ̀rọ náà, ẹ̀rọ náà kò dún. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó tún fi lé e. Lẹ́yìn náà ló fara ti ògiri, ó ń dúró de ẹni tó máa kọjá kí onítọ̀hún lè bá a ṣí i. Jọláadé sáré lọ, ó ṣí i fún un, ó pọn omi náà, ó sì gbé e délé. Ọkùnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọpẹ́ yẹn ni kò jẹ́ kó lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Ó lọ bá Àlíìmọ̀ níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà, ó kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ohun tí ẹnjiníà wí tí òun kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Obìnrin náà kò sunkún, kò sì bú u. Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

"Èmi kọ́ ni mo pa orúkọ rẹ̀ rẹ́," ó wí nígbà tó yá. "Àwọn tó pa á rẹ́ ni kí o lọ sọ ọ́ fún."

Jọláadé lọ sí Jẹ́bbà. Alága náà gbọ́ ọ títí dé òpin, kò já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ó dun òun pé Jọláadé kò sọ ọ́ lọ́jọ́ tí òun bi í. Ó ní ká ní ó sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, orúkọ bàbá yẹn ì bá wà síbẹ̀. Ní báyìí, ó ní àwọn ẹ̀rọ ti gbàgbé rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń rántí ẹni tí wọ́n ti gbàgbé. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ojú ń tì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé gíláàsì wá fún Jọláadé, ìmọ́lẹ̀ sì kọjá lábẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ náà. Ọkọ̀ tuntun kò kúrò ní àgbàlá Ìgbìmọ̀ mọ́, ẹsẹ̀ ni Jọláadé fi rìn lọ síbi tí bọ́ọ̀sì ti ń kó èrò.

Ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ délé. Kò sẹ́ni tó bá a jà. Àwọn ènìyàn kí i, wọ́n sì ń bá tiwọn lọ, wọ́n ń gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo padà láti ibi ẹ̀rọ. Tẹ̀tẹ̀ ẹ̀yìn ilé ìdáná ti ń rọ.

Bàbá Múnírù jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé rẹ̀. Jọláadé dúró níwájú rẹ̀, kò mọ ibi tí òun á ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun kò lè máa wo bí òun ṣe jẹ́ kí ó ru ẹ̀bi òun. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ. Inú ń bí i, irú ìbínú tí Jọláadé kò rí lójú rẹ̀ rí, àní lọ́jọ́ ìjàǹbá náà pàápàá.

"Omi ni mo fi orúkọ mi rà fún ìlú yìí," ó wí. "O wá lọ dà á nù, torí kí ọkàn rẹ lè fúyẹ́."

Jọláadé bi ara rẹ̀ bóyá ọkàn òun fúyẹ́, kò sì fúyẹ́. Ó fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ó wá rí i pé kò ní ṣe é ní àǹfààní kankan. Ó kàn dúró síbẹ̀, oòrùn ń lọ, kò sí ìró ẹ̀rọ kankan ní gbogbo ìlú.

Nígbà tó pẹ́, ọkùnrin náà gbé igi rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ǹṣì, ó gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó tẹ ọwọ́ méjèèjì mọ́ bẹ́ǹṣì, ó fi ẹsẹ̀ kan tó kù ti ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí apá kan, títí àyè fi ṣí fún ẹlòmíràn. Kò wò ó. Jọláadé jókòó síbẹ̀.